Pọ́ǹpù Tuntun fún Ọkọ̀ Baba Ọkọ Mi

Ẹ má bi mí ní orúkọ baba ọkọ mi, n ò ní í pè é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da ìborùn funfun ìyàwó bò mí lórí nílé yìí, orúkọ yẹn ò tíì jáde lẹ́nu mi rí, kò sì ní í jáde lónìí. Bí mo bá gbọ́ tí ẹlòmíràn pè é láàrin ọjà Kochkor, ilẹ̀ ni mo máa ń wò bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jábọ́. Baba ni mò ń pè é. Bí inú bá bí mi, mo máa ń pè é ní Dẹ́rẹ́bà Àgbà, ṣùgbọ́n inú ikùn mi ni mo ti ń pe ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ẹnu èmi Uulkan kì í sinmi. Mo lè bú ajá, mo lè bú ẹṣin, mo lè bú Kubat ọkọ mi láti àárọ̀ títí tíì yóò fi hó, á sì máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìyàwó kì í ko baba ọkọ rẹ̀ lójú. Kì í sọ fún un pé ó ṣe àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀, àfi lọ́dún yìí tí ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù délẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ ká gòkè lọ sí pápá Son-Kul ló ṣẹlẹ̀. Koríko ti yọ lókè. Kubat ti da àgùntàn ṣíwájú pẹ̀lú àwọn darandaran yòókù, ìta gbangba ni wọ́n sì ń sùn títí a ó fi gbé àgọ́ dé. A ti di ẹrù gbogbo àdúgbò sínú ọkọ̀: igi àgọ́, ìbora onírun tí a fi ń bò ó, ààrò irin, àpò ìyẹ̀fun, àti àga onítìmùtìmù Ìyá Sonun, aládùúgbò wa, tó ní eékún òun ò jẹ́ kí òun lè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tuntun ni, Ṣáínà ló ti wá. Baba rà á lẹ́yìn tí èyí àtijọ́, tó ti wà látayé ìjọba àná, kú tán pátápátá. Baba gun orí ìjókòó, ó ní "Bísímílà," ó ṣáná sí ọkọ̀.

Sítáátà yí. Ó yí, ó yí, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn.

"Ó ń ṣe yàngà," ni Baba wí. Ó tún gbìyànjú. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ìmọ̀ràn! Ìyá Sonun ní ojú burúkú ló wọ ọkọ̀, ká wá ewé ká fi èéfín rẹ̀ fín in. Jolchu, ọmọ àbúrò Baba, tí kò mọ nǹkan mìíràn láyé ju ẹṣin lọ, ní ká so okùn mọ́ ọn kí ẹṣin òun fà á.

"Ẹṣin rẹ tí kò lè fa ara rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ lánàá?" ni mo bi í.

"Àǹtí, ẹ bú mi bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ẹ ṣáà fi ẹṣin mi sílẹ̀."

"Ẹ yàgò kí ìyàwó mi wò ó," ni Baba wí. Ó ń fi mí yangàn. "Bí ìyàwó mi yìí ò bá rí gírísì fi pa ọwọ́ láàrin oṣù, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀."

Kì í ṣe irọ́. Mẹkáníìkì ni bàbá mi ní Naryn, abẹ́ ọkọ̀ ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé yìí, ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ní ìtìjú gbáà ni kí ìyàwó ilé máa yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ bí ọ̀kẹ́rẹ́. Baba ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ tó mọṣẹ́, ẹ jẹ́ ó ṣiṣẹ́." Mi ò ní í gbàgbé ìyẹn fún un láé. Ẹ fi sọ́kàn, kí ẹ má baà rò pé ìkórìíra ló wà nínú ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn náà.

Mo tú asẹ́ epo, mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú àwo tíì funfun, mo gbé e sí oòrùn. Irin kéékèèké ń dán yinrin nínú epo bí ìpẹ́ ẹja. Pọ́ǹpù ńlá tó máa ń fi agbára ti epo sínú ẹ́ńjìnnì, irin inú rẹ̀ ti fá ara wọn jẹ. Irú ẹ̀ ò ní àtúnṣe. Yíyọ la óò yọ ọ́, ká fi tuntun sí i, ká sì fọ gbogbo ọ̀nà tí epo ń gbà, láti táńkì dé nọ́sù tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì, torí bí irin bíńtín bá kù síbẹ̀, tuntun náà á kú tẹ̀lé e. Mo ti ìka bọ inú àwo, mo gbé e sí imú.

"Kẹrosíìnì ló pa á," ni mo wí. "Dísẹ́ẹ̀lì ní ọ̀rá tó ń jẹ́ kí irin inú pọ́ǹpù máa yọ̀. Kẹrosíìnì ò ní in. Pọ́ǹpù ọkọ̀ òde òní ò lè gbà á."

Ọ̀rọ̀ ti jáde kí n tó rántí ohun tó yẹ kí n rántí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Baba bẹ́ sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ bí ọ̀dọ́mọkùnrin. "Ergesh!" ó pariwo. "Ergesh ló ń ta epo fún mi! Ó ti fi kẹrosíìnì lú u! Èmi tí mo dúró fún un lójú gbogbo àgbà, kí wọ́n tó fún un láyè lẹ́bàá títì! Háà! Ọmọ tó jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ mi!"

"Mo ti ń wo ojú ẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni Jolchu wí. Irọ́ ló ń pa. Òun àti Ergesh jọ mu wàrà abo ẹṣin lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn.

Èmi dúró síbẹ̀, àwo lọ́wọ́. Ṣé ẹ rí i, mo mọ ẹni tó da kẹrosíìnì sínú táńkì. Gbogbo ìgbà òtútù, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ tí mò ń po ìyẹ̀fun létí fèrèsé, mo máa ń rí Baba tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, tó ń rọra da kẹrosíìnì lé dísẹ́ẹ̀lì lórí, tó tún ń fi ọwọ́ pa ọkọ̀ lára bí ẹni tó ń rọ ọmọ lágbo. Oògùn òtútù ni. Gbogbo dẹ́rẹ́bà àtijọ́ lórí òkè wa ló ń ṣe é kí epo má baà dì. Ọkọ̀ àtijọ́ mu ún títí ó fi darúgbó, kò ṣe é ní nǹkan kan. Lọ́kàn Baba, ìyẹn kì í ṣe lílú epo rárá, ìtọ́jú ni. Bí ẹ bá ní kó ronú títí di ọ̀la lórí ẹni tó po kẹrosíìnì mọ́ epo, kò ní í rántí ara rẹ̀.

Mo ti sọ ọ́ fún Kubat nígbà náà. Mo ní, "Bá mi sọ fún Baba, ọkọ̀ yìí yàtọ̀ o." Kubat wo àjà. "Ta ló máa sọ fún un? Èmi? Ọkùnrin tó ti ń wakọ̀ kọjá òkè Kalmak kí wọ́n tó bí mi?" Ló bá fa ìbora borí. Akin ni ọkọ mi, níwájú ìkookò.

Àbúrò Kubat obìnrin tó wà ní Bishkek ló ní òun á bá wa wá pọ́ǹpù, pé kí á ṣe sùúrù. Kó tó rí i, Jolchu àti ẹṣin rẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ náà yí abúlé ká. Àwọn tó máa ń to sẹ́nu táńkì Ergesh láàárọ̀ ò yà síbẹ̀ mọ́, títí dé ìlú ni wọ́n ń lọ ra epo.

Ọmọ Batken ni Ergesh, láti ìhà gúúsù. Kò lẹ́bí kankan níbí, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dé bá ènìyàn lọ́dọ̀ wa, ẹbí ló máa ń dìde tí wọ́n á ní, "Ọmọ wa ò lè ṣe é." Ta ni yóò dìde fún Ergesh? Ẹnì kan ṣoṣo tó ti dìde fún un rí, òun gan-an ló ń pè é lólè.

Mo lọ bá a. Ó dá jókòó sẹ́nu táńkì, ó ń fi àkísà nu àrọ tó ti mọ́ tónítóní.

"Àǹtí Uulkan," ó ní, "ẹ mọ epo ju gbogbo wọn lọ. Ṣé ẹ gbà pé mo ṣe é?"

"Mi ò gbà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá kó kúrò níbí pẹ̀lú orúkọ olè, orúkọ yẹn á ti ṣáájú mi dé ibi tí mò ń lọ. Ọmọ mi á jẹ́ ọmọ olè."

Kí ni kí n sọ? Pé baba ọkọ mi ni? Mo ní, "Ọlọ́run ò sùn," ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa ń sọ bí kò bá ní nǹkan gidi sọ. Inú mi bà jẹ́ dé ilé. Gbogbo adìyẹ tí mo pàdé lójú ọ̀nà ló gba èébú.

Nígbà tó ṣe, pọ́ǹpù dé pẹ̀lú ọkọ̀ èrò, òun àti nọ́sù tuntun, wọ́n fi aṣọ ìnura wé e bí ìkókó. Baba pe ọ̀wẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọkọ̀ tó ń kó àgọ́ bá kú, ti gbogbo àdúgbò ló kú, kò sẹ́ni tí wọ́n ń bẹ̀ kó tó jáde. Ìyá Sonun gbé ìkòkò tíì kaná, ó ní kí wọ́n gbé àga òun sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹrù, ó jókòó sáàrin àgbàlá, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gágun.

Orí ọkọ̀, ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí, la kọ́kọ́ fẹ́ dojú rẹ̀ dé síwájú, kí ẹ́ńjìnnì lè hàn. Mo pariwo pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Jolchu ní òun ti kó o. Lóòótọ́ ló kó o, àfi àpò kurut Ìyá Sonun, wàrà gbígbẹ tí wọ́n ṣù róbótó-róbótó, tó le bí òkúta. Bí orí ọkọ̀ ṣe ń dojú kọlẹ̀, ni kurut bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lu gíláàsì, pa-pa-pa-pa.

"Yéè! Kurut mi! Ohun tí mo fẹ́ fi eyín jẹ lókè!"

"Eyín wo, Ìyá?" ni Jolchu bi í.

"Méjì tó kù yìí tó láti gé etí rẹ jẹ!"

A rẹ́rìn-ín títí àwọn tó ń fọwọ́ gbé orí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Ìdùnnú gidi ni ọ̀wẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì ń dùn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí mi ò bá rántí Ergesh.

Mo já bátìrì. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti epo mímọ́ fọ gbogbo àyíká pọ́ǹpù kí n tó tú ohunkóhun, torí ìdọ̀tí ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Eruku tí ẹ ò lè fojú rí tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí mo bá ti tú páìpù kan, mo máa fi aṣọ mímọ́ dí ẹnu rẹ̀. Jolchu fi irin gígùn yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ títí àmì fi bá àmì mu, kí pọ́ǹpù tuntun lè wọlé ní ipò tí ti àtijọ́ wà. Lẹ́yìn náà ni mo tú nọ́ọ̀tì tó di gíà rẹ̀ mú, mo fà á, ó kọ́kọ́ ṣagídí, ó wá jáde. Àwọn ọkùnrin gbé táńkì lọ sẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń fi dísẹ́ẹ̀lì ṣan án.

Baba gba pọ́ǹpù àtijọ́ lọ́wọ́ mi. Ó mì í létí, ó gbọ́ irin tó ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. "Ọmọdé ni," ó ní, "kò tíì dàgbà tí wọ́n fi pa á."

Jolchu nu ọwọ́. "Àwọn àgbà ti ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́," ó ní. "Jẹ́ kí n lọ mú olè yẹn wá, kó wá wí tẹnu rẹ̀." Ó gun ẹṣin, ó lọ. Ìyá Sonun ti wọlé lọ gbé búrẹ́dì. Ó wá ku èmi àti Baba nídìí ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí irin ọkọ̀, mo tẹ orí sínú ẹ́ńjìnnì, òun sì dúró nísàlẹ̀, ó ń na sípánà sí mi.

"Bó bá dé," ni Baba wí, "mo máa ní kó kó táńkì rẹ̀ kúrò lẹ́bàá títì kí oòrùn tó wọ̀. Èmi ni mo mú un wọlé, èmi náà ni n ó mú un jáde."

"Baba," mo ní. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ó dùn mí ju ti ọkọ̀ lọ, ọmọ mi. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn."

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Baba mi yìí kì í ṣe òṣìkà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ òṣìkà lójú mi.

Àwọn ìyá wa ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà bá ìyàwó ilé wí. Wọ́n máa ń ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Ìyàwó, ìwọ ni kí o gbọ́." Ìyá ọkọ mi lò ó fún mi títí ó fi fayé sílẹ̀. Ajá ló máa ń bá wí pé ilẹ̀ dọ̀tí, èmi ni mo máa ń sáré wá ìgbálẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn pé bí ìyá ọkọ bá lè bá ajá wí, ìyàwó náà lè bá ọkọ̀ wí. Mo fi sípánà gbá irin ẹ́ńjìnnì, gbàǹgà.

"Ìwọ ọkọ̀ yìí," mo ní, "ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀! Ọ̀mùtí! Ta ló fún ọ ní kẹrosíìnì mu? Ṣé Ergesh ni? Dá mi lóhùn! Ṣé Ergesh ló ń jí ní kùtùkùtù nínú yìnyín, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá bá ọ lẹ́yìn ilé? Àbí ẹni tó fẹ́ràn rẹ ni, tí kò fẹ́ kí òtútù mú ọ? Oògùn tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ lára mu ló fún ọ. Òun ò mọ̀ pé ikùn tìrẹ ò gbà á. Ìwọ mọ̀! O mu ún, o dákẹ́, o wá kú mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n sì ń pe ọmọ ọlọ́mọ lólè nítorí rẹ. Ojú ò tì ọ́? Ọmọ yẹn ní ìkókó nílé!"

Mo sọ ọ́ tán. Mi ò lè wo ojú Baba nísàlẹ̀. Ọwọ́ Baba nìkan ni mò ń rí, tó di sípánà mìíràn mú, tí kò nà án, tí kò gbé e sílẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Baba wo ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ó ń wo gbogbo òwúrọ̀ ìgbà òtútù yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Níkẹyìn, ó sọ̀rọ̀. Kò wo ojú mi. Ọkọ̀ ló kọjú sí.

"Ọkọ̀," ó ní, "láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìgbà yìnyín," ni mo dáhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ lẹ́nu sí àgbà."

"Hùn." Ó na sípánà sí mi, èyí tí mo nílò gan-an. "Di bọ́ọ̀tì yẹn dáadáa," ó ní. Ó yí padà, ó wọlé lọ.

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ. Kò sẹ́lòmíràn tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Bí Baba bá fẹ́ pa á mọ́ra, ó parí nìyẹn: Ergesh á kó lọ, èmi á máa gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ọkùnrin tí mo ko lójú, mi ò sì ní í lè tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ, kí ni ǹ bá tún ṣe? Mo fi epo pa òrùka rọ́bà, mo ti pọ́ǹpù tuntun wọlé, mo wò ó kí àmì má yẹ̀, mo di gíà mọ́ ọn, mo fi nọ́sù tuntun sí i, mo to páìpù padà.

Jolchu dé. Ergesh ń fẹsẹ̀ rìn níwájú ẹṣin, ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó gbé ìkókó mọ́ àyà. Àwọn àgbà ti jókòó lórí pákó lẹ́bàá ògiri, àwọn tó ń fọ táńkì náà ti gbé e padà sípò, kò sẹ́ni tó kí Ergesh. Nígbà náà ni Baba jáde síta. Ó ti wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ tó nípọn, èyí tí wọ́n fi felifẹ́ẹ̀tì dúdú ṣe, tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìpàdé àgbà.

Jolchu fi igbọ̀nwọ́ gún mi. "Ó ti múra ìjà," ó ní. Ó bá yíjú sí Ergesh. "Ó yá, sọ̀rọ̀! Kẹrosíìnì mélòó lo—"

"Jolchu, panu mọ́," ni Baba wí. "Ergesh, sún mọ́ mi. Ṣé o fi kẹrosíìnì lú epo tí o tà fún mi?"

"Rárá o, Baba. Mo fi ọmọ mi yìí bú—"

"Má fi ọmọ búra. Mo mọ̀ pé o ò ṣe é." Baba kọjú sí àwọn àgbà. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Ẹni tó ṣe é, èmi ni. Ọwọ́ mi yìí. Gbogbo ìgbà òtútù ni mò ń dà á sínú ọkọ̀, mo rò pé mò ń ṣe é lóore. Mo fi ọwọ́ mi pa ọkọ̀ mi, mo wá fi ẹnu mi pa orúkọ ọmọ yìí. Ti ọkọ̀, a rí pọ́ǹpù rà fún un. Ti orúkọ, wọn ò tà á ní Bishkek."

Ó bọ́ ẹ̀wù náà lára, ó gbé e wọ Ergesh léjìká, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Ẹ̀wù náà tóbi jù fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́lẹ̀. Ẹni tí àgbà bá fi ẹ̀wù ara rẹ̀ wọ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ ti tán lórí rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá tún gbé e sọ, àgbà yẹn ló ń bá jà. Ergesh fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀wù náà mú. Ìyàwó rẹ̀ fi ojú pamọ́ sára ọmọ, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn àgbà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fi pa irùngbọ̀n, wọ́n ní "Àmín." Ìyá Sonun ń sunkún sínú tíì.

"Mo ti ń wo ojú ẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni Jolchu wí, "pé èèyàn gidi ni."

"Dákẹ́ o," ni gbogbo wa wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ergesh," ni Baba wí, "lọ gbé epo wá. Tìrẹ ni mo fẹ́ kí ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ mu."

Ergesh sáré, ẹ̀wù àgbà ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé epo dé, ó dà á sí táńkì, gbogbo ènìyàn ń wò ó. Mo fi ọwọ́ fa epo gòkè títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán nínú páìpù, títí ìfófó fi dẹ́kun tí epo ń ṣàn gbọọrọ. Mo so bátìrì padà, a gbé orí ọkọ̀ padà sípò. Mo ní kí Baba ṣáná sí i, mo sì kìlọ̀ fún Jolchu kó má fi ọwọ́ kan páìpù láti wò ó bóyá ó ń jò, páálí ni kó fi wò ó, torí epo tó bá fi agbára yẹn jáde lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Sítáátà yí, ó yí díẹ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tu èéfín, ó sì gbà! Ó ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó dọ́gba. Páálí gbẹ. Mo fò sókè, mo dì mọ́ Ìyá Sonun, gírísì ọwọ́ mi bá a láṣọ, ó bú mi, mo tún dì mọ́ ọn.

A gbéra lọ́jọ́ náà. Baba ló ń wa ọkọ̀, èmi wà láàrin, Ìyá Sonun wà létí fèrèsé pẹ̀lú kurut rẹ̀ lórí itan. Nígbà tí a fi dé ṣóńṣó òkè Kalmak, afẹ́fẹ́ ti yí padà, yìnyín wẹ́wẹ́ ń já. Ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lára Baba. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Mo fa ẹ̀wù Kubat yọ láti ẹ̀yìn ìjókòó, mo fi bo itan rẹ̀. Ó tì í padà.

"Baba, òtútù á ṣe yín léṣe."

"Ẹ̀wù mi wà lára ẹni tó yẹ. Òtútù yìí, tèmi ni. Jẹ́ kó mú mi."

"Alágídí," ni Ìyá Sonun wí, kurut kún ẹnu rẹ̀.

Baba rẹ́rìn-ín. Ó wakọ̀ lọ díẹ̀, ó dẹtí sí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyàwó."

"Baba."

"Bí mo bá tún ṣe ohun tí kò tọ́, má bá ọkọ̀ wí mọ́." Ojú ọ̀nà ló ń wò, kò wo ẹ̀gbẹ́. "Èmi ni kí o bá wí."

Èmi ẹlẹ́nu, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Sonun wò mí, ó wo Baba, ó bi wá pé ta ló kú. A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápá, a sì rí àgùntàn Kubat lókèèrè.